Ìyàwó ni mí lójú ẹbí, àlejò ni mí lójú òfin

Nígbà tó kan owó tí ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, tọkọtaya ni wọ́n kà wá sí. Nígbà tó kan owó tí kò yẹ ká san, wọ́n ní a kò já mọ́ nǹkan kan fún ara wa. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Mo kọ́kọ́ rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó dá mi lóhùn ló ń fìyà jẹ mí, àṣé bí wọ́n ṣe kọ òfin gan-an nìyẹn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ni mò ń sọ o. Scotland ní tiwọn lọ́tọ̀. Mò ń kọ èyí fún ẹni tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀ ní Peckham, ní Woolwich, ní Dagenham, tí àwọn ọmọ ń pè wọ́n ní dádì àti mọ́mì, tí àwọn àna ń kí i ní "ìyàwó wa", ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ ọ́fíìsì rẹ́jístírà, níbi tí ìjọba ti ń so tọkọtaya pọ̀, rí.

Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe ìdána wa, ní gbọ̀ngàn kan ní gúúsù London. Kò sí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Alága ìdúró àti alága ìjókòó fi orin gba gbogbo owó tó wà lápò àwọn ẹbí ọkọ. Ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ, iṣu, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wà nílẹ̀, èmi náà sì gbé Bíbélì láàárín ẹrù pẹ̀lú òrùka tí wọ́n so mọ́ ọn. Bàbá mi súre fún wa, ó fà mí lé wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè mí ní ohun mìíràn ju ìyàwó lọ.

Ìgbéyàwó kóòtù la ní a ó ṣe tẹ̀lé e. Páásípọ̀ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ àwọn immigration nígbà náà nítorí físà tí mo fẹ́ tún ṣe, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà fi orúkọ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó láìsí páásípọ̀ọ̀tù lọ́wọ́. Kó tó padà dé, oyún ti dé. Lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́ ní 2013, ilé gba àtúnṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kejì. Nígbà tó yá, bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ rẹ́jístírì sílẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń dá a lóhùn pé ìwé lásán ni, ṣé ìwé ló ń se ọbẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọdún tí ẹ ti jọ lò. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé bí ẹ bá ti gbé pọ̀ fún ọdún méjì, ẹ ti di tọkọtaya. Irọ́ ni, àwọn òyìnbó pàápàá sì ń gba irọ́ náà gbọ́. Fún àwa Kristẹni àti Mùsùlùmí, ìgbéyàwó tó bá wáyé níbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ́jístírà, tàbí ní ibi tí káńsù fọwọ́ sí tí rẹ́jístírà sì wà ní ìjókòó, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tàbí ní ilé ìjọsìn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbéyàwó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí àti ìsọmọlórúkọ kò sí nínú wọn, bó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó níbẹ̀.

Lọ́yà tó là mí lójú sọ ẹjọ́ Akhter àti Khan fún mi. Tọkọtaya Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n so yìgì ní ilé oúnjẹ kan ní Southall lọ́dún 1998, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà, obìnrin náà lọ sílé ẹjọ́ láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kì í ṣe pé ìgbéyàwó náà ní àbùkù, wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bó bá jẹ́ Ìbàdàn la ti ṣe ìdána yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Òfin ibi tí ìgbéyàwó ti wáyé ni wọ́n ń wò. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bófin mu ní Nàìjíríà lè dúró ní London, bí ẹ bá rí ẹ̀rí rẹ̀ mú wá, tí kò sì sí ìgbéyàwó mìíràn lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú yín. Àwa wá san owó ọkọ̀ òfurufú fún àwọn òbí wa kí wọ́n lè wá ṣe ní London ohun tí ìbá ní láárí ká ní àwa la lọ bá wọn nílé.

Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá àwọn ọmọ mi ń wà, owó oṣù rẹ̀ dára. Láti oṣù kìíní 2013 ni òfin kan ti dé pé bí ẹnì kan nínú ilé bá ń gbà ju £50,000 lọ́dún, yóò máa dá owó tí ìjọba ń san fún ọmọ padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi dé £60,000, gbogbo rẹ̀ ló máa dá padà. (Láti oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n ti sún un sókè sí £60,000 àti £80,000.) Èmi ni mò ń gba owó ọmọ, kì í ṣe òun. Mo béèrè pé ṣebí a kò ṣègbéyàwó nínú ìwé, kí ló kan owó oṣù rẹ̀? Wọ́n ní kò kan ìwé, bí ẹ bá ti ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ béèrè Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tówó rẹ̀ kò tó, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: owó ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. N kò bínú sí ìyẹn. Ilé kan ni wá, ìkòkò kan la ń se.

Ẹ wá wo ibi tí ìwé ti kan ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ṣe kóòtù, kò rówó tó £12,570 lọ́dún nígbà tó ń tọ́mọ, owó ọkọ rẹ̀ náà kò sì wọ inú ìdá owó orí tó ga. Òfin gbà kí irú wọn gbé £1,260 nínú owó tí ẹnì kan lè gbà láìsan owó orí fún ẹnì kejì. £252 ló ń dín kù lọ́dún kan, wọ́n sì lè béèrè ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Tọkọtaya tó ní ìwé nìkan, àti àwọn tó ṣe civil partnership (àjọṣe tí òfin ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ìgbéyàwó, láìpè é ní ìgbéyàwó), ló wà fún. Owó ọkọ tèmi ti ga ju ìyẹn lọ, nítorí náà n kò pàdánù níbẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ nítorí ẹni tó lè jẹ́ tirẹ̀.

Ní 2021, àìsàn dé. Ọkọ mi wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré lórí fóònù. N kò ní kọ púpọ̀ nípa àsìkò yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbé dání: láti 1970 ni òfin ti wà nílẹ̀ yìí pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti dé ojú ikú, tí wọn kò lè gbé kúrò níbi tó wà, lè ṣe ìgbéyàwó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọn kì í dúró de ọjọ́ 28 tí ẹlòmíràn ń dúró dè. Rẹ́jístírà ni yóò wá bá a níbẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Dókítà yóò kọ̀wé pé àìsàn náà le débi ìyẹn àti pé ohun tó ń ṣe yé aláìsàn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. N kò sì béèrè, torí ta ni yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó níbi tí a ti ń gbààwẹ̀ ìwòsàn?

Ó lọ ní oṣù kọkànlá.

Níwájú ẹni tó ń forúkọ òkú sílẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ. Ó béèrè ohun tí mo jẹ́ sí olóògbé, mo ní ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó béèrè ibi tí a ti ṣègbéyàwó, mo dárúkọ gbọ̀ngàn náà. Ó rọra ṣàlàyé fún mi, kò fi mí ṣẹ̀sín, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó kú. Ohun tí mo jẹ́ nìyẹn nínú ìwé: ẹni tó wà níbẹ̀.

Wíìlì wà, kí Ọlọ́run fẹ̀yìn rẹ̀ dára. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa, bí o bá dárúkọ wíìlì, wọ́n á ní ṣé o ti fẹ́ kí n kú ni. Ẹnì kan ló kú lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ìdílé rẹ̀ jìyà, ìyẹn ló mú un lọ kọ tirẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n kó gbogbo ohun ìní òun fún "ìyàwó mi", ó sì kọ orúkọ mi ní kíkún tẹ̀lé e. Lọ́yà ní orúkọ yẹn ló gbà mí. Ká ní "ìyàwó mi" nìkan ló kọ, à bá máa jiyàn títí di òní lórí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ká ní kò sí wíìlì ńkọ́? N kò ní gba kọ́bọ̀. Òfin ogún ẹni tó kú láìkọ wíìlì kò mọ ẹni tí ẹ jọ ń gbé, àwọn ọmọ ló ni gbogbo rẹ̀. (Bàbá mi ní ohun tuntun wo ló wà ńbẹ̀, pé nílé wa náà, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ní í pín in, yálà ní ìdí igi tàbí ní orí ò jorí.) Òfin 1975 kan wà tó gba ẹni tó bá olóògbé gbé fún ọdún méjì tó ṣáájú ikú rẹ̀ láyè láti lọ béèrè ohun ìtọ́jú nílé ẹjọ́, láàárín oṣù mẹ́fà tí ìwé àṣẹ lórí ogún bá jáde. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Àwọn ọmọ tí mo bí.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí wíìlì, mo dúpẹ́, mo rò pé ó ti bùṣe. Owó orí ogún kò sí lọ́kàn mi rárá. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, mo sì rò pé ti àwọn olówó ni.

Bó ṣe rí nìyí. Ohun tí ọkọ bá fi sílẹ̀ fún ìyàwó tó fẹ́ lófin, tàbí tí ìyàwó fi sílẹ̀ fún ọkọ, ní gbogbogbòò kò sí owó orí ogún lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù. Ẹni tí ẹ kàn jọ ń gbé kò sí nínú àánú yẹn. £325,000 àkọ́kọ́ ni wọn kì í fọwọ́ kàn. Nínú ohun tó bá lé, 40% ni tìjọba. Ilé wa, tó ti rà kó tó mọ̀ mí, wọ́n díwọ̀n rẹ̀ sí £520,000, mọ́géèjì tó kù lórí rẹ̀ sì jẹ́ £95,000. Owó bánkì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ £37,000. Ìsìnkú àti gbèsè kéékèèké gba £12,000. Ó ku £450,000. Ẹ yọ £325,000 kúrò, £125,000 ló kù, 40% rẹ̀ sì jẹ́ £50,000.

Lọ́yà tí mo kọ́kọ́ lọ bá ṣe ìṣirò náà, ó yí kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i fúnra mi. Mo béèrè iye tí ìbá jẹ́ ká ní a ṣe kóòtù. Ó ní òdo.

Wọn kì í dúró de ẹkún ẹni. Ìparí oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù tí ẹni náà kú ni gbèdéke, ìyẹn ìparí oṣù karùn-ún 2022 fún èmi. Lẹ́yìn rẹ̀, èlé ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án kó tó gba ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ kó fọwọ́ kan ogún náà. Ohun méjì ló ràn mí lọ́wọ́. Bánkì olóògbé lè san owó orí ogún tààrà fún ìjọba láti inú àkáǹtì rẹ̀ kí ìwé àṣẹ tó jáde. Ẹ béèrè fún un, wọn kì í fi lọni. Èkejì, owó orí tó jẹ́ ti ilé, wọ́n gbà kí èèyàn pín in san fún ọdún 10, pẹ̀lú èlé. Mo bẹ ìyá alájọ wa kó jẹ́ kí n kó àjọ ṣáájú àsìkò mi. Àwọn obìnrin yẹn gbà, kò sí èyí tó béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń san án, tí mo gbà pé kádàrá mi ni. Obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ló béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni wíìlì gbé ilé fún. Mo ní èmi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ tètè wá lọ́yà mìíràn, kí ọdún méjì tó pé."

Ohun tó mọ̀ tí èmi kò mọ̀ ni pé yàtọ̀ sí £325,000, òfin fi £175,000 kún un bí ilé tí olóògbé ń gbé bá lọ sọ́wọ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wíìlì gbé ilé fún mi, èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀, àfikún yẹn bá ṣòfò. Ẹ wò ó dáadáa. Ká ní kò kọ wíìlì, àwọn ọmọ ni ilé ìbá kàn, kò sì ní sí owó orí kankan. Wíìlì tó kọ láti fi dáàbò bò mí ló bí £50,000 náà. Ó yẹ kí ẹni tó bá a kọ ọ́ ti béèrè bóyá a ní ìwé ìgbéyàwó. Bóyá ó béèrè, tí ọkọ mi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lójú rẹ̀, irọ́ kọ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì ní ọjọ́ ìparí. Láàárín ọdún méjì tí ẹni náà kú, ẹni tí wọ́n fi ogún sílẹ̀ fún lè kọ̀wé gbé apá kan rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ìwé náà bá sọ ọ́ pé nítorí owó orí ni, òfin yóò kà á sí pé olóògbé fúnra rẹ̀ ló pín in bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà kejì bá mi kọ ọ́ ní 2023: mo gbé ìpín tó tó £125,000 nínú ilé fún àwọn ọmọ méjèèjì. Àfikún náà bo £125,000 yẹn, owó orí di òdo, èyí tí mo ti san padà wá. Mo san gbèsè àjọ lọ́sẹ̀ tó wọlé.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Bánkì tó ni mọ́géèjì gbọ́dọ̀ gbà. Owó lọ́yà wà. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ilé tí mò ń gbé ti di ti ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mi ni ẹlòmíràn náà. N kò lè ta ilé kí n ná gbogbo owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti èmi la jọ ń mójú tó ìpín wọn.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹbí ọkọ ni yóò dà mí síta. Lóòótọ́, ìjọba ló ń béèrè ẹni tí mo jẹ́, ẹbí kò béèrè rí. Nígbà tó kan owó ìfẹ̀yìntì, fọ́ọ̀mù kan wà tí òṣìṣẹ́ ń fi sọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fún lówó bó bá kú. Ọkọ mi ti kọ tirẹ̀ kó tó mọ̀ mí, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi síbẹ̀. Kò yí i padà láé. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí wọn pé òun kò fẹ́ ẹ, pé àwọn ọmọ ni kí wọ́n fún. Àwọn tó ń bójú tó owó náà ló ní ìpinnu, fọ́ọ̀mù kò dè wọ́n, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mìíràn bá ni ńkọ́? Ẹ lọ wo orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù tiyín lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ kíṣìnì náà ń dùn mí. Owó àjọ mi ni mo fi tún kíṣìnì àti yàrá òkè ṣe, kéèṣì ni mo san, kò sí rìsíìtì kankan. Mo tún máa ń fún bàbá àwọn ọmọ ní owó mọ́géèjì lọ́wọ́. Lọ́yà ní bí mo bá lè fi ẹ̀rí hàn pé a jọ ní in lọ́kàn pé ìpín mi wà nínú ilé, ìpín yẹn kò ní sí lára ogún rẹ̀ rárá, wọn kò sì ní gba owó orí lórí rẹ̀. Ẹ̀rí kò sí. Ẹ máa fi owó náà ránṣẹ́ láti bánkì sí bánkì, kí ẹ kọ "mọ́géèjì" tàbí "kíṣìnì" sí i. Ó tún sàn kí lọ́yà kọ ìwé tó sọ ìpín oníkálukú.

Owó kan tún wà tí ìjọba ń san fún opó. Mo béèrè fún un ní 2021, wọ́n ní kò tọ́ sí mi. Àmọ́ obìnrin kan ní Northern Ireland, Siobhan McLaughlin, tí òun àti bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣègbéyàwó, ti pe ẹjọ́ lórí irú owó bẹ́ẹ̀ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ó sì jàre ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2018. Ó gba ìjọba títí di ọjọ́ 9 oṣù kejì 2023 kí wọ́n tó yí òfin padà. Láti ìgbà náà, ẹni tí òun àti olóògbé jọ ń gbé, tí ọmọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó lóyún, lè gba £3,500 lẹ́ẹ̀kan náà àti £350 lóṣooṣù fún oṣù 18. Wọ́n fún àwa tí tiwa ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà ìdájọ́ náà ní ọdún kan láti béèrè. Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ, nínú kíṣìnì. Ẹ má gbàgbé pé nítorí ọmọ ni: ẹni tí kò bímọ, tí kò sì ní ìwé, kò sí nǹkan kan fún un títí di òní. Ẹni tó sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ tètè béèrè, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú ni kí owó má baà dín kù.

Nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò mi obìnrin sọ̀rọ̀ ìdána, mo ní kí wọ́n ti ọ̀dọ̀ rẹ́jístírà bẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ le. Àwọn méjèèjì yóò lọ fúnra wọn sí ọ́fíìsì àdúgbò tí wọ́n ti gbé fún ó kéré tán ọjọ́ méje, pẹ̀lú páásípọ̀ọ̀tù àti ẹ̀rí ibùgbé. Ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ rí yóò mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dání. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń gbé ìfilọ̀ náà sójútáyé. Bí ẹnì kan kò bá ní ìwé ìgbélùú tó dúró, wọ́n lè fà á dé ọjọ́ 70. Ẹlẹ́rìí méjì, ó tán. Owó rẹ̀ kò tó owó ìdána rárá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ ṣe ìdána tó máa dí títì pa.

Ẹni tó ti kọ wíìlì tẹ́lẹ̀ kó ṣọ́ra: ìgbéyàwó ń pa wíìlì rẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bó bá ti wà nínú rẹ̀ pé ẹ fẹ́ fẹ́ ara yín. Ẹ kọ òmíràn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ ìgbéyàwó. Ọ̀rẹ́ mi kan ti rí màbo nínú èyí tó ṣe nílé, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìyàwó mọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2019, ọkùnrin àti obìnrin lè ṣe civil partnership ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, lẹ́yìn tí Rebecca Steinfeld àti Charles Keidan jàre nílé ẹjọ́ tó ga jù ní 2018. Lójú owó orí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ìgbéyàwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn pàápàá kó kọ wíìlì pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ nípa owó orí, kó sì ra adójútòfò ẹ̀mí (life insurance) tí wọ́n kọ sábẹ́ trust, ìyẹn ìwé tó fi owó náà sọ́wọ́ àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tó yàn, kí owó rẹ̀ má baà wọ inú ogún. Kó má sì rò pé ilé alájọni ti yanjú ọ̀rọ̀. Ìpín olóògbé lè já mọ́ ẹ lọ́wọ́ láìsí wíìlì, ṣùgbọ́n owó orí ń bá a bọ̀.

Ohun méjì tó ti yí padà láti ìgbà tèmi. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025, ẹni tó bá ti jẹ́ olùgbé ilẹ̀ yìí fún ọdún 10 nínú ogún ọdún, owó orí ogún níbí kan ohun tó ní níbi gbogbo, tó fi mọ́ ilé tó kọ́ sí Ìkòròdú. Ilẹ̀ ẹbí ni ti ọkọ mi, kò tíì di orúkọ rẹ̀, ìyẹn ló yọ ọ́. Èkejì, ìjọba ti kéde pé láti oṣù kẹrin 2027, ọ̀pọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn kò tíì ná yóò wọ inú ogún tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí. Èyí tó bá lọ sọ́wọ́ ọkọ tàbí ìyàwó tó ní ìwé ìgbéyàwó kò ní ní owó orí lórí. Àwọn tó jọ ń gbé láìsí ìwé kò ní àánú yẹn.

Ní 2031 ni àkọ́bí mi yóò pé ọdún 18, tí ìpín tirẹ̀ nínú ilé yóò sì di tirẹ̀ pátápátá. Bó bá fẹ́ owó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo ti ń dá àjọ mìíràn báyìí, kí n lè rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, bánkì sí bánkì ni gbogbo rẹ̀.